Ìgbín tí Kò Ní Ilé

Òjò winniwinni ń rọ̀ sórí odò Leie ní ìlú Gẹ́ǹtì.
Mo wọ aṣọ funfun, mo wọ ìbọ̀wọ́,
mo ṣí àpótí tí a tẹ́ bébà tútù sí nínú,
mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin aláìníkarahun."
Wọn ò dáhùn.
Ọ̀kan yọ ìwo méjì, ó tún fà á padà.

Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e:
ìwọ fà, itọ́ nìkan ló tẹ̀ lé ọ.
Ara rẹ ò ní ilẹ̀kùn, kò ní èèpo.
Ìdí nìyẹn tí a fi pè ọ́ wá jẹ́rìí,
torí awọ abẹ́ ikùn rẹ fara jọ
ibi tí ahọ́n ọmọlúàbí ń rọra pè ní ojú ara,
ojú tí kì í wòran,
tí nǹkan kékeré sì lè ṣe léṣe.

Jẹ́ẹ̀lì keje ló kàn lónìí.
Ó mọ́ gaara bí omi ara ẹyin.
Wannes tó pò ó wà ní òkè kẹta,
ó ti rí i nínú ìgò bó ṣe pa kòkòrò éèdì run,
ó ra búrẹ́dì olóyin fún gbogbo wa.
"Godelieve, èyí ló máa dé ọwọ́ obìnrin
tí ọkọ rẹ̀ kọ rọ́bà,
kò ní bẹ ẹnikẹ́ni kó tó dáàbò bo ara rẹ̀."
Mo jẹ búrẹ́dì náà. Ó dùn.
Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa kòkòrò nínú ìgò
lè bó èèyàn lára bí omi gbígbóná;
ilẹ̀kùn tí a rán an pé kó tì,
òun náà ni yóò ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

Mo wọ̀n ọ́: gíráàmù mẹ́rin lé díẹ̀.
Mo gbé ọ lé jẹ́ẹ̀lì náà.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ,
baba mi a jí mi lóru, a jọ lọ sóko kábéèjì lẹ́yìn ilé,
èmi di tọ́ọ̀ṣì mú, òun di iyọ̀ mú.
Iyọ̀ a bà yín, ẹ a ká kò, ẹ a hó,
itọ́ yín a yí àwọ̀ padà lórí ewé.
"Bàbá, ṣé ẹkún nìyẹn?"
Ó ní kábéèjì la máa jẹ lọ́dún yìí, a ò ní jẹ ẹkún.
N kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni mò ń kọ́.

Aago ké.
Mo gbé ọ kúrò, mo wo bébà.
Itọ́ rẹ ti ki, ó ti gba àwọ̀ ìyeyè.
Mo gbé ìkejì wá: ìyeyè.
Ìkẹta kò fẹ́ rìn mọ́.
Ìkẹrin, ìyeyè tó fẹ́ di pupa.
Ìkarùn-ún nìkan ló ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Mo gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo.
Wannes kà á.
Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.
"Ọdún mẹ́ta," ló wí,
"ọdún mẹ́ta gbáko, ìgbín wá dájọ́."
N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.
Obìnrin kan wà níbi tí n kò lè dárúkọ,
ó ń dáná oúnjẹ alẹ́ lọ́wọ́,
kò sì mọ̀ pé nǹkan kan kò jó òun lálẹ́ òní.
Ta ló ń dúpẹ́ ọgbẹ́ tí a kò dá sí i lára?

Òfin ní kí ohun tó wọ yàrá yìí má jáde.
Mo fọ̀ ọ́, mo gbé ọ sínú abọ́ oúnjẹ mi,
mo dé e, mo wọkọ̀ relé.
Kábéèjì mẹ́fà ló kù lẹ́yìnkùlé mi.
Jẹ ọ̀kan.
Má jẹ méjì.